Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kọ́bọ́ọ̀dù oògùn tó ń lo kọ̀ǹpútà fún fámásì yín, ibi tẹ́ ẹ máa gbà wọ̀ ọ́ rèé

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ fámásì ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fi ṣe máníjà, àti ẹ̀yin dókítà ẹranko tẹ́ ẹ ń dá ilé ìwòsàn tiyín sílẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń wí ni èyí tí nọ́ọ̀sì á tẹ̀ka sí, á wá orúkọ aláìsàn lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀, á mú oògùn tó fẹ́, dírọ́ọ̀ kan á ṣí fúnra ẹ̀, á ka èyí tó bá níbẹ̀, á mú tiẹ̀, á tì í pa, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ló mú un ní aago báyìí. Pyxis ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe gbogbo wọn, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo nílé, àmọ́ ọjà ilé iṣẹ́ BD nìkan ni Pyxis, àwọn tó ra CareFusion tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ́dún 2015. Omnicell wà, Capsa wà, ARxIUM náà wà, àwọn tó ń tọ́jú ẹranko sì mọ Cubex dáadáa. Mi ò polówó ẹnì kankan o, wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní ò pọ̀: ìwé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ kí ọlọ́jà tó dé ọ̀dọ̀ yín ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìwé tí òun náà máa gbé wá. Ọ̀pọ̀ ló ń pe ọlọ́jà kọ́kọ́, á wá gbé ẹ̀rọ tó ń tàn yanran wá, gbogbo èèyàn á máa tẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá á ní òun fẹ́ ẹ, ìgbà tí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán ni wọ́n á wá rí i pé ìgò tí wọ́n ń lò jù ò wọ dírọ́ọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ fa ríkọ́ọ̀dù oṣù mẹ́ta tó kọjá jáde látinú sọ́fítíwíà fámásì yín, gbogbo oògùn tó jáde, ìgbà mélòó ló jáde, ẹ̀ka wo ló gbà á, aago mélòó sì ni. Ẹ má lo oṣù kan ṣoṣo, torí ó lè jẹ́ oṣù tí fúlù ń jà, á wá dà bíi pé oògùn ikọ́ nìkan lẹ ń tà. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ẹranko tí ríkọ́ọ̀dù ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, ẹ lo ríṣíìtì ọjà tẹ́ ẹ rà, kò péye tó o, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn máa fọkàn ṣírò lọ.

Tí orúkọ àwọn oògùn yẹn bá ti wà lórí ìwé, ẹ wá kọ èyí sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì ni àbí ìgò àbí síríńjì, báwo ló ṣe tóbi tó (ẹ gbé e sórí tábìlì kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, mi ò ṣeré), ṣé inú fíríìjì ló ń gbé, ṣé ó wà lára àwọn oògùn tí ìjọba ń ṣọ́, àti ṣé orúkọ ẹ̀ tàbí ìrísí ẹ̀ jọ ti òmíràn. Hydralazine àti hydroxyzine, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Irú àwọn méjì yẹn ò gbọ́dọ̀ gbé nínú dírọ́ọ̀ kan náà láé.

Oríṣi àyè tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ yìí ò ju mẹ́ta lọ lóòótọ́, orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pè wọ́n ló yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ni dírọ́ọ̀ gbalasa tí wọ́n pín sí yàrá kéékèèké, tó bá ti ṣí báyìí ọwọ́ èèyàn lè dé gbogbo yàrá tó wà níbẹ̀. Ìkejì ni èyí tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ọmọrí tiẹ̀, ọmọrí oògùn tẹ́ ẹ mú nìkan ló máa ṣí. Ìkẹta ló máa ń yọ oògùn síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ ẹ bá ní ẹyọ méjì, méjì náà lẹ máa rí. Bí títì ẹ̀ bá ṣe le tó ni owó ẹ̀ ṣe máa ń ga tó, àyè tó máa ń wà níbẹ̀ sì máa ń dín kù, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ọlọ́mọrí fún yín láti òkè délẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa to Tylenol síbẹ̀.

Ká sọ pé ẹ̀ka kan ń lo oògùn 180. Ẹ wò ó, 28 nínú ẹ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba ń ṣọ́, 20 jẹ́ èyí tó lè pààyàn bí wọ́n bá ṣì í mú, 14 wà fún fíríìjì. Ó túmọ̀ sí pé yàrá ọlọ́mọrí 48 lẹ nílò, yàrá gbalasa 118. Ẹ wá fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un fún ọjọ́ iwájú, á di 58 àti 142. Ìwé pélébé yìí lẹ máa mú dání tí ọlọ́jà bá dé, kẹ́ ẹ ní kó fi yàrá tiẹ̀ hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi pé.

Ọ̀rọ̀ aago náà ṣe pàtàkì gan-an. Nílé ìwòsàn èèyàn, oògùn aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló máa ń fa ìlà jù. Bí nọ́ọ̀sì mẹ́fà bá ń tò sídìí ẹ̀rọ kan, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ti aláìsàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kó o sápò aṣọ iṣẹ́, ibẹ̀ ni oògùn Bàbá yàrá kẹta ti ń dé ẹnu Màmá yàrá kẹrin. Nítorí náà ó lè sàn kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ kéékèèké méjì tó jìnnà síra ju ńlá kan lọ. Àwọn omi ńláńlá tí wọ́n ń fà sára, oògùn jẹjẹrẹ, àti oògùn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti oṣù mẹ́ta, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sí fámásì, wọn ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yin ti ẹranko, ẹ dúró níbí díẹ̀

Nílé ìwòsàn èèyàn, oògùn tó pọ̀ jù ló ti wà ní ẹyọ ẹyọ, ẹni tó bá mú ọ̀kan ti mú ọ̀kan nìyẹn. Tiyín yàtọ̀, inú ìgò lẹ ti ń fà á. Ẹ wo ketamine, oògùn tí wọ́n fi ń kun ẹranko lóorun, ìgò 10 mL tó jẹ́ 100 mg nínú mL kan. Bá a bá ṣírò ẹ̀ ní 5 mg fún kílò kan (ìṣirò lásán ni o, ẹ má fi ṣe ìwé oògùn), ajá tó wọn 20 kílò á gba 1 mL, ológbò tó wọn 4 kílò á gba 0.2 mL. Ìgò kan ṣoṣo yẹn, wọ́n lè fa á nígbà mẹ́wàá, wọ́n sì lè fa á nígbà àádọ́ta. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé iye ìgò nìkan ló mọ̀ ọ́n kà á máa sọ fún yín pé "1 ló wà níbẹ̀" láti àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè títí ìgò á fi gbẹ, ketamine sì wà lórí Schedule III (ìpele kẹta lára àwọn oògùn tí ìjọba ń ṣọ́), ẹni tó bá fẹ́ jí i á ti jí i tán kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa bi ọlọ́jà nìyí, kó sì fi hàn yín lórí ẹ̀rọ, kó má kàn fẹnu sọ ọ́: ṣé ẹ̀rọ yìí ń ka mL, ṣé ó mọ̀ pé ìgò tá a ti ṣí yàtọ̀ sí èyí tá ò tíì ṣí, ṣé ó máa béèrè iye tí wọ́n dà nù àti orúkọ ẹlẹ́rìí, ṣé ó ní ibi tá a lè kọ èyí tó ń há sínú abẹ́rẹ́ àti síríńjì sí. Ìyẹn tó ń há yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni, àmọ́ tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lára ìgò kan, ìṣirò ò ní bára mu mọ́, bí kò bá sì síbi tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí, àwọn òṣìṣẹ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ẹ̀rọ kí iye lè bára mu. Irọ́ kékeré yẹn gan-an ni olè máa fara pa mọ́ sí.

Oògùn tí wọ́n fi ń dá ẹ̀mí ẹranko légbodò tún wà níbẹ̀. Pentobarbital nìkan wà lórí Schedule II, èyí tí wọ́n pò mọ́ phenytoin wà lórí Schedule III, butorphanol, tó jẹ́ oògùn ìrora ní tiẹ̀, wà lórí Schedule IV. Ìgò 100 mL tí wọ́n ń kó èyí tí wọ́n pò mọ́ phenytoin sí kì í wọ yàrá ọlọ́mọrí kékeré, àfi kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Bákóòdù náà, ẹ má fọkàn tán an jù. Òfin tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2004 pé kí bákóòdù wà lára oògùn, oògùn èèyàn ló dé bá, kò kan oògùn ẹranko. Ẹ ó rí ìgò tí ẹ̀rọ ò ní dá mọ̀, ẹ ó sì rí omi oògùn tí wọ́n pò fún ajá kan ṣoṣo tí kò ní nǹkan kan lára ju orúkọ ajá lọ. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè tẹ lébẹ̀ẹ̀lì tiyín jáde kí ẹ̀rọ sì máa kà á. Ẹ tún béèrè bóyá tí tẹkiníṣíànì bá mú oògùn, owó ẹ̀ máa lọ tààrà sínú bíìlì oníbàárà nínú sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ ń lò, bóyá Cornerstone ni o, bóyá AVImark tàbí ezyVet. Lójú tèmi o, ibi tí ẹ̀rọ ti ń dá owó ara ẹ̀ padà fún ilé ìwòsàn ẹranko nìyẹn, torí oògùn tí wọ́n lò tí wọ́n gbàgbé láti gbowó ẹ̀ máa ń pọ̀ ju èyí tí wọ́n jí lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: òfin

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ibi kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ sí gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ tiẹ̀ lọ́dọ̀ DEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ àwọn oògùn yẹn, ẹ̀ka kejì tẹ́ ẹ ṣí sí òdìkejì ìlú ò lè lo ti àkọ́kọ́. Kíka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán lọ́dún méjì-méjì di dandan, ríkọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán. Bí oògùn bá sọ nù lọ́nà tó lágbára tàbí tí wọ́n bá jí i, ọjọ́ iṣẹ́ kan péré lẹ ní láti kọ̀wé sọ fún DEA, Fọ́ọ̀mù 106 á sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, ìforúkọsílẹ̀ tiẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá tún ní tiẹ̀, ta ló lè kó oògùn sínú ẹ̀rọ, ta ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, torí náà ẹ pe board of pharmacy ìpínlẹ̀ yín (àti ti dókítà ẹranko) kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè irú ìwé tí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ̀ yín wò máa ń béèrè, kẹ́ ẹ wá ní kí ọlọ́jà tẹ irú ìwé yẹn gan-an jáde látinú ẹ̀rọ níṣojú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yàrá, iná, nẹ́tíwọ̀kì

Ẹ wọn ilẹ̀kùn. Ẹ wọn ẹ́lífétọ̀. Ẹ wọn igun ọ̀nà tí wọ́n máa gbé e gbà. Ẹ wá lọ sínú yàrá, kẹ́ ẹ fi pátákó tàbí káàdì-bọ́ọ̀dù sàmì sílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe tóbi tó, kẹ́ ẹ sì ro ti dírọ́ọ̀ tí wọ́n fà síta dé òpin pẹ̀lú èèyàn kan tó dúró níwájú ẹ̀ àti ẹlẹ́rìí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí ẹlẹ́rìí tó bá ń wò láti ẹnu ọ̀nà ò rí nǹkan kan. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Iná tó máa lò gbọ́dọ̀ jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn máa ń gbé, kó sì ní bátìrì tiẹ̀. Kámẹ́rà kó máa wo ọwọ́ èèyàn, àwọn kan máa ń so ó sí ibi tó ti ń wo àtàrí nìkan.

Ooru náà wà níbẹ̀. Oògùn tó pọ̀ ló fẹ́ kí yàrá wà láàárín 20 sí 25 lórí ìwọ̀n Celsius, ti fíríìjì jẹ́ 2 sí 8. Yàrá kótópó tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, tẹ́ ẹ gbé kọ̀ǹpútà àti fíríìjì méjì sí, ẹ gbé tẹmómítà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ẹ pe àwọn IT yín wá sípàdé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ so wáyà. Lọ́dún 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìkìlọ̀ jáde lórí Pyxis SupplyStation àtijọ́ kan, ìyẹn tí wọ́n ń kó ohun èlò sí, pé ihò 1,418 ló wà nínú sọ́fítíwíà ẹ̀ tí ọ̀daràn lè gbà wọlé, torí Windows àtijọ́ àti àwọn sọ́fítíwíà àtijọ́ míì ló ń lò. Lóṣù karùn-ún ọdún 2022, Omnicell fúnra wọn kéde pé àwọn tó ń ti kọ̀ǹpútà pa gbowó ti kọ lu àwọn. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ọdún méje sí mẹ́wàá ni ẹ̀rọ yìí lè wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀dà Windows tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí Microsoft máa fi í sílẹ̀, àti ẹni tó máa sanwó tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sí tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọlọ́jà lè wọlé báyìí

Ẹ pe mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, ìwé yàrá 58 àti 142 yẹn, àwọn ìbéèrè òfin, àwọn ìbéèrè IT. Kí wọ́n fi nọ́ńbà dáhùn. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, kẹ́ ẹ kó oògùn tiyín sínú ẹ̀, àwọn ìgò òfo tẹ́ ẹ ti kó jọ, torí àpótí tí àwọn ọlọ́jà ń kó wá máa ń wọ yàrá wọn rẹ́gí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru fọwọ́ kàn án, kó wọ ìbọ̀wọ́ kó gbìyànjú àtitẹ̀ka, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ fọwọ́ náà gbìyànjú.

Ẹ tún lọ wo ilé ìwòsàn kan tó ti ń lò ó fún ọdún méjì, kí ọlọ́jà má bá yín lọ. Ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni tẹkiníṣíànì tó ń kó oògùn sínú ẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀gá á sọ fún yín pé gbogbo ẹ̀ dáa, òun ló fọwọ́ síwèé kẹ̀.

Mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ lórí ohun kan. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, nílé ìwòsàn Vanderbilt ní Nashville, nọ́ọ̀sì kan fẹ́ mú Versed, oògùn tó ń fọkàn balẹ̀, fún ìyá àgbà ẹni ọdún 75 kan tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò inú ara. Orúkọ Versed lórí ẹ̀rọ, midazolam ni. Ó tẹ "VE" péré, kò rí i, ó bá gba ọ̀nà override, ìyẹn ọ̀nà tó ń jẹ́ kéèyàn mú oògùn kí fámásì tó fọwọ́ sí i, ó sì mú èyí tó jáde níbẹ̀, vecuronium, oògùn tó ń mú gbogbo iṣan ara dákẹ́ títí kan èyí tá a fi ń mí. Ìyá náà kú. Wọ́n gbé nọ́ọ̀sì yẹn lọ sí kóòtù, lóṣù kẹta ọdún 2022 wọ́n dá a lẹ́bi pé àìbìkítà ẹ̀ ló pààyàn, wọ́n sì ní kó fi ọdún mẹ́ta wà lábẹ́ ìṣọ́ láìlọ sẹ́wọ̀n. Ìkìlọ̀ wà lára ìgò náà o, ìyẹ̀fun ló sì wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé omi ni midazolam, àmọ́ ẹni tó ń kánjú ò rí i.

Èmi ò ní dá a láre, mi ò sì ní dá ẹ̀rọ láre. Ohun tó kan ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ níbẹ̀ ni pé ẹ lè dán gbogbo ẹ̀ wò nígbà tí ọlọ́jà wà níwájú yín. Ẹ tẹ lẹ́tà méjì, kẹ́ ẹ wo iye orúkọ tó jáde. ISMP, àwọn tó ń rí sí àìṣìlò oògùn, ti sọ ọ́ nínú ìlànà wọn ti ọdún 2019 pé kó tó lẹ́tà márùn-ún kí ẹ̀rọ tó gbé orúkọ jáde. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè sọ ọ́ di márùn-ún, ẹ má gbà pé "á wà nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀". Ẹ wá Versed kẹ́ ẹ wò bóyá á gbé yín lọ sórí midazolam. Ẹ gba override, kẹ́ ẹ rí ohun tó máa sọ fún yín, ṣé á béèrè ìdí, ṣé á ní kí ẹlòmíì wá tẹ̀ka, àbí á kàn ṣí bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń pa iṣan kú, yàrá ọlọ́mọrí tiẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ lójú ẹ̀rọ. Iṣu àtẹnumọ́rọ̀ kì í jóná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó àti kọ́ńtíráàtì

Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè fún yín, ti irin ẹ̀ nìkan ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún odidi ọdún márùn-ún tàbí méje, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá àti èyí tó ń tẹ̀ lé e, àgadágodo fíríìjì, sẹ́fà, láísẹ́ǹsì sọ́fítíwíà ọdọọdún, owó àtúnṣe, owó tí wọ́n ń gbà láti so ó mọ́ sọ́fítíwíà yín (ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó ẹ̀, ti orúkọ aláìsàn lọ́tọ̀, ti oògùn tí dókítà kọ lọ́tọ̀, ti bíìlì lọ́tọ̀), ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọkọ̀, oníná tó máa fa wáyà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀ lẹ tó lè fi ẹnì kan wé ẹnì kejì. Bí ilé ìwòsàn yín bá wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jọ rajà pọ̀, ẹ wo iye tí ẹgbẹ́ yẹn ti bá wọn dúnàá dúrà sí kẹ́ ẹ tó lanu.

Nínú kọ́ńtíráàtì, ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa òpin ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ibi ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé tẹ́ ẹ ò bá kọ̀wé sí wọn ní oṣù báyìí kó tó parí, ó ti tún ara ẹ̀ ṣe fún ọdún míì nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí owó àtúnṣe lè fi lé lọ́dún kan, kó má kọjá ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ wákàtí tí ẹni tó máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ fi dé, wákàtí tó máa fi dé ọ̀dọ̀ yín fúnra ẹ̀ o, torí "a máa dá yín lóhùn láàárín wákàtí mẹ́rin" lè túmọ̀ sí pé wọ́n á gbé fóònù. Ríkọ́ọ̀dù yín jẹ́ tiyín, kẹ́ ẹ sì lè kó o jáde lọ́nà tí kọ̀ǹpútà míì lè kà. Tí wọ́n bá wá gbé ẹ̀rọ lọ lọ́jọ́ kan, ta ló máa sanwó ọkọ̀, ta ló máa pa orúkọ aláìsàn àti ìtẹ̀ka òṣìṣẹ́ rẹ́ nínú ẹ̀, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀.

Ká rà á tán àbí ká lease ẹ̀? Ilé ìwòsàn ńlá tó ní owó nílẹ̀ lè rà á. Ilé ìwòsàn ẹranko kékeré, èmi á ní kẹ́ ẹ lease, àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbẹ̀yìn, àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ fún yín ní dọ́là kan, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra á ní iye tó bá ń lọ lọ́jà nígbà yẹn, ìyàtọ̀ ńlá ni.

Tọ̀kunbọ̀ náà wà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì sọ́fítíwíà sábà máa ń dúró lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rà á, ẹ lè rí irin rà ní owó pọ́ọ́kú kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá sọ fún yín pé àwọn ò mọ̀ yín. Ẹ pe ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú nọ́ńbà ara ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó sanwó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn máa tún un ṣe fún yín àti iye tí wọ́n máa gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé, ìyẹn Nàìjíríà, kó ro ọ̀pọ̀ nǹkan. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, ti ilé wa jẹ́ 230, ẹ̀rọ tí kò bá lè gba méjèèjì á jóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́. NEPA ò ní dákẹ́ àtimáa ṣe bó ṣe ń ṣe, ínfátà àti bátìrì tó lè gbé e la alẹ́ já gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín. Tábúlẹ́ẹ̀tì tá à ń rà nílé, káàdì ẹlẹ́yọ mẹ́wàá ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ní bákóòdù tiẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó máa gé e kó sì máa lẹ lébẹ̀ẹ̀lì mọ́ ọn. Ibi tó ṣòro jù ni ẹni tó máa tún un ṣe ní Ìbàdàn tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Fún ilé ìwòsàn aládàáni tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ò ju ogún lọ, kọ́bọ́ọ̀dù irin oníkọ́kọ́rọ́ méjì, ìwé ńlá kan fún oògùn tí ìjọba ń ṣọ́, àti kíka tí nọ́ọ̀sì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń kà nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ara wọn, á ṣiṣẹ́ tó dáa. Ẹ̀rọ ò lè ṣe ju ìyẹn lọ bí ẹnikẹ́ni ò bá wo ríkọ́ọ̀dù ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kíkó oògùn sínú ẹ̀, àti oṣù àkọ́kọ́

Ẹni méjì ni kó máa kó oògùn sínú ẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀kan á kó, ọ̀kan á yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bákóòdù, torí yàrá tí wọ́n bá kó oògùn sí lódì, gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá tẹ̀ lé e ló máa ṣì í mú, ẹ̀rọ á sì máa sọ fún wọn pé ó tọ̀nà. Ẹ fi iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù sí yàrá kọ̀ọ̀kan látinú ríkọ́ọ̀dù oṣù mẹ́ta yẹn. Fún àwọn oògùn tí ìjọba ń ṣọ́, ẹ jẹ́ kí kíka wọn jẹ́ kíka afọ́jú, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ sọ iye tó yẹ kó wà níbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì kà á fúnra ẹ̀ kó tẹ iye tó rí.

Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí ẹ̀rọ bá kú sínú ìwé, ìwé gidi tó wà lórí ògiri, ibi tí kọ́kọ́rọ́ irin wà, ẹni méjì tó lè fọwọ́ kàn án, fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa kọ oògùn tí wọ́n mú sí. Ẹ fi ọjọ́ kan ti ẹ̀rọ pa lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti dúró, kẹ́ ẹ wò bóyá ẹnikẹ́ni rántí.

Fún oṣù àkọ́kọ́, ẹnì kan tẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀ máa tẹ ìwé mẹ́ta jáde láràárọ̀: iye tí kò bára mu, tí wọ́n gbọ́dọ̀ yanjú ẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó lọ sílé, override (ta ni, oògùn wo, kí nìdí), àti oògùn tó tán pátápátá. Lẹ́yìn oṣù kan ó lè di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, àyàfi ti iye tí kò bára mu, ojoojúmọ́ nìyẹn máa wà. Ẹ tún máa wo ẹni tó ń mú oògùn ìrora lemọ́lemọ́ ju àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ aago kan náà ní ẹ̀ka kan náà lọ, kẹ́ ẹ fi í wé ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì aláìsàn, ṣé aláìsàn rí i gbà lóòótọ́. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni lólè torí nọ́ńbà, ó lè jẹ́ òun ni wọ́n ń gbé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lójoojúmọ́, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe pín aláìsàn lọ́sẹ̀ yẹn ná.